Àìsàn tí kò tíì ní Orúkọ

Ní gbogbo ìgbà tí ìpàdé àwọn òbí àti ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ bá ti parí, tí kálukú ń wá ọkọ̀ rẹ̀, ìbéèrè kan wà tí àwa òṣìṣẹ́ ìlera tí a ti ilé-ìwé yìí jáde kì í yé gbọ́. Ẹnì kan á fà wá sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ pé ọwọ́ ọmọ òun ń gbọ̀n, tàbí pé àtẹ́lẹsẹ̀ bàbá òun ń jó bí iná lóru, tàbí pé ìyàwó òun a máa ṣubú lójijì láìsí ibà, láìsí ìjà. Wọ́n ti dé ilé ìwòsàn mẹ́ta, owó ti lọ, síbẹ̀ wọn kò rí ẹni tí ó lè sọ ohun tí ó jẹ́. Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé àjọ̀dún yìí wá ní kí a kọ nǹkan lórí ìlera, a kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Nípa ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ ti kà tó. Àìsàn ọpọlọ àti ti iṣan ara tí kò tíì ní orúkọ ni a fẹ́ bá yín sọ.

Ìdí tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ fi ṣòro láti mọ̀ kò fara sin. Ọpọlọ wà nínú agbárí, mùdùnmúdùn ẹ̀yìn wà nínú eegun ọ̀pá ẹ̀yìn, iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára kiri sì tín-ín-rín bí òwú. Ojú kò rí wọn, ọwọ́ kò sì bà wọ́n. Yàtọ̀ sí èyí, ẹgbàágbèje ohun ni ó lè mú kí ọwọ́ ènìyàn gbọ̀n: ẹ̀rù, ebi, gẹ̀gẹ̀ tí ń da omi ara rú, oògùn tí a lò láìbéèrè, ọtí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ nínú rẹ̀, títí dé àìsàn Parkinson ti àgbàlagbà. Ọwọ́ méjì lè gbọ̀n bákan náà kí ohun tí ń ṣe wọ́n jìnnà sí ara wọn bí Èkó ti jìnnà sí Kánò. Ohun tí ó tún mú un le ni pé ìrìn, ọ̀rọ̀ ẹnu, ìwà àti iyè ni àìsàn wọ̀nyí máa ń bá jà, àwọn ohun gan-an tí a fi ń mọ ènìyàn ní ènìyàn. Bí inú bá ń run ọmọ, a ó ní oúnjẹ ni. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ tí kò já gaara, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ́, gbogbo ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn, kí ẹnì kan tó dárúkọ àbúrò bàbá tí kò wá sí ìsọmọlórúkọ.

Ìtàn kan ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí ó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere, ó sì ń yà wá lẹ́nu pé àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, ní ilé ìwòsàn Wesley Guild tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Iléṣà, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn aláìsàn kan tí irú wọn kò sí nínú ìwé tí wọ́n kà. Àkókò òjò ni ó máa ń dé, láti nǹkan bí oṣù keje títí di oṣù kẹwàá. Ẹni tí ara rẹ̀ le á ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìgbọ̀n tí ó le tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní lè gbé ife omi dé ẹnu. Bí ó bá dìde, á máa ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí. Iyè àwọn mìíràn a tilẹ̀ ra pátápátá. Bí òjò bá ti lọ, àìsàn náà lọ. Bí òjò ọdún kejì bá dé, ó dé.

Dókítà Wright àti Dókítà David Morley kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní ọdún 1958. Morley yìí ni ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé bí káàdì tí àwọn ìyá fi ń mọ bí ọmọ wọn ṣe ń dàgbà, tí ọ̀pọ̀ nínú yín ṣì ní nínú àpótí. Wọ́n sọ àìsàn náà ní encephalitis tremens, ìyẹn ni pé ọpọlọ wú, ó sì mú kí ara máa gbọ̀n. Àwọn òyìnbó mìíràn kàn ń pè é ní Ijesha shakes. Orúkọ àkọ́kọ́ yẹn kò burú. Àìsàn tí ó bá dé lójijì, tí ó mú ọ̀pọ̀ ènìyàn lásìkò kan náà, tí ó sì ń tẹ̀lé òjò, ta ni kò ní rò pé kòkòrò àìfojúrí kan ni ó wọ ọpọlọ? Ṣùgbọ́n orúkọ ní agbára. Bí a bá ti pe nǹkan ní kòkòrò, kòkòrò ni a ó máa wá. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwọn ará Ìjẹ̀ṣà àti agbègbè rẹ̀ fi ń gbọ̀n ní ìgbà òjò kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kan ohun tí ó ń fà á.

Ẹni tí ó tú u ni Dókítà Adámọlẹ́kún, tí ó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Ilé-Ifẹ̀, èyí tí Wesley Guild ti di apá kan rẹ̀. Ọ̀nà tí ó gbà kò jọ ìjìnlẹ̀ rárá. Ó fi ara balẹ̀ gbọ́ ohun tí àwọn aláìsàn jẹ kí ara wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìdáhùn kan ń padà wá: wọ́n jẹ kòkòrò sányán. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní abúlé yóò mọ̀ ọ́n. Ìran kòkòrò tí ń ta okùn tí àwọn bàbá wa fi hun aṣọ sányán ni. Orí igi arère ni ó ń gbé, ewé rẹ̀ ni ó ń jẹ, ìgbà òjò sì ni ó máa ń pọ̀. Wọ́n á yan án, wọ́n á tà á ní ọjà, ó dùn, kò wọ́n, ó sì jẹ́ ẹran fún ẹni tí owó ẹran kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1993, Adámọlẹ́kún kọ ọ́ sínú Lancet, ìwé ìròyìn kan náà tí àwọn ti ìṣáájú lò, pé kòkòrò yìí ni ó jọ pé ó wà ní ìdí àìsàn náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìdánwò jáde: wọ́n fún àwọn aláìsàn kan ní fítámì B1, tí à ń pè ní thiamine, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Àwọn tí ó gba fítámì náà yá ju àwọn yòókù lọ, láàrin ọjọ́ díẹ̀ péré.

Bí ó ṣe rí nìyí. Ara ń fẹ́ fítámì B1 kí ó tó lè sọ oúnjẹ tí ó kún fún ìyẹ̀fun, irú bí iyán, ẹ̀bà àti àmàlà, di agbára. Ọpọlọ ni ó nílò agbára yìí jù. Ara kì í lè tọ́jú fítámì náà pamọ́ ju ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò sì dára kì í ní púpọ̀ nípamọ́. Nínú kòkòrò sányán ni èròjà kan wà tí ń gé fítámì B1 sí wẹ́wẹ́. Àwọn onímọ̀ ará Japan tí wọ́n yẹ kòkòrò náà wò fi hàn ní ọdún 2000 pé èròjà yìí kì í tètè kú sínú iná, pé yíyan lásán kò tó. Nítorí náà, ẹni tí fítámì rẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀ jẹ kòkòrò, ó sì tún fi ẹ̀bà ńlá lé e. Ọpọlọ béèrè fún B1, kò rí. Bí ìgbọ̀n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kòkòrò àìfojúrí kankan kò sí níbẹ̀. Kò sì sí àbúrò bàbá kankan níbẹ̀.

Ohun tí ó mú wa lọ́kàn jù nínú ìtàn yìí ni ibi tí ìdáhùn ti wá. Kò ti inú ẹ̀rọ wá. Ó ti ẹnu aláìsàn àti àwọn ará ilé rẹ̀ wá: àkókò wo nínú ọdún, kí ni ó jẹ, wákàtí mélòó lẹ́yìn oúnjẹ. Gbogbo ìdílé tí ó gbé ènìyàn wọn wá sí Iléṣà ní ọdún 1958 ni ó ní ìdáhùn náà lọ́wọ́, àmọ́ ìpanu kì í wọ inú ìròyìn tí à ń ṣe fún dókítà. Ta ni yóò rántí ohun tí ó jẹ lójú ọ̀nà oko?

A kò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni ó ń parí síbi tí ó dára. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí tí ó ka ìwé ní Christ's School ní Adó-Èkìtì kí ó tó di ọ̀kan nínú àwọn àgbà dókítà ọpọlọ àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, kọ ìwé pàtàkì kan ní ọdún 1968 nípa àìsàn mìíràn. Ẹsẹ̀ àwọn aláìsàn rẹ̀ ń jó, ó sì ń kú, wọn kò mọ ibi tí wọ́n ń tẹ ẹsẹ̀ lé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ojú wọn ń ṣe bàìbàì, etí àwọn kan sì di. Ọ̀ṣuntókun tọ́ka sí oró sáyánáìdì tí ó máa ń wà nínú ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ pẹ́ tó. Àlàyé náà lọ́gbọ́n nínú, gbogbo ayé ìṣègùn sì gbà á. Àmọ́ nígbà tí àwọn olùwádìí mìíràn lọ sí ìlú kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní ìparí àwọn ọdún 1990, wọ́n rí i pé ènìyàn bíi 6 nínú 100 ni ó ṣì ní àìsàn náà. Nígbà tí wọ́n wá fi ìwọ̀n sáyánáìdì wé àwọn tí àìsàn mú, wọn kò rí i kí méjèèjì bá ara wọn mu bí a ti rò. Àìsàn náà ní orúkọ, ó ní àpèjúwe, ìdí rẹ̀ sì ṣì wà lórí tábìlì. Bí dókítà bá wí fún yín pé, "N kò tíì mọ̀," ẹ má tètè kà á sí aláìmọ̀kan. Àwa ń bẹ̀rù ẹni tí ó ti mọ̀ kí aláìsàn tó jókòó.

Kí wá ni kí ìdílé ṣe? Ọ̀rọ̀ wa pọ̀ jù níhìn-ín, nítorí níhìn-ín ni agbára yín wà.

Ẹ ra ìwé kékeré kan kí ẹ tó lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ kọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sínú rẹ̀, àti bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí àìsàn gbà wọlé a máa sọ irú ẹni tí ó jẹ́: èyí tí ó dé ní ìṣẹ́jú kan sábà máa ń jẹ́ ti òpó ẹ̀jẹ̀ tàbí ti gìrì; èyí tí ó gba ọjọ́ díẹ̀ lè jẹ́ wíwú tàbí kòkòrò; èyí tí ó ń rọra jẹ wá fún oṣù tàbí ọdún yàtọ̀ sí méjèèjì. Ẹ kọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ lára àti ibi tí ó gbà kọjá. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ ni, tàbí kò kúrò rí? Kí ni ó ń mú un le sí i, kí ni ó ń dẹ̀ ẹ́? Ẹ má fi oúnjẹ sílẹ̀, ẹ má sì fi ibi tí aláìsàn ń sùn sílẹ̀. Ẹni tí orí ń fọ́ tí òòyì sì ń kọ́ ní gbogbo òwúrọ̀ lè máa sùn sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń tú èéfín. Ẹ bi àwọn àgbà ìdílé bóyá irú rẹ̀ ti ṣe ẹnì kan rí, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi bò.

Ẹ kó gbogbo oògùn tí ó ń lò sínú àpò kan, pẹ̀lú àgbo, pẹ̀lú èyí tí ẹ rà lọ́wọ́ onímọ́tò, pẹ̀lú èyí tí wòlíì fún yín. Kò sí dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò bínú. A ti rí ọmọdé tí ọrùn rẹ̀ lọ́, tí ojú rẹ̀ yí sókè, tí gbogbo ilé ti ń pariwo ẹ̀mí àìmọ́, bẹ́ẹ̀ oògùn èébì lásán ni ó fà á. Abẹ́rẹ́ kan ni ó tú u sílẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ohun tí ó máa ń gbé ènìyàn ṣubú ni, ẹni tí ó ṣe kò lè ròyìn rẹ̀, nítorí kò sí níbẹ̀ nígbà náà. Ẹni tí ojú rẹ̀ tó o ni kí ó tẹ̀ lé e lọ. Àwọn òbí tí ọmọ wọn wà ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dá lọ. Ẹ bẹ mátíróònù, tàbí kí ẹ gba ọ̀rọ̀ ọmọ tí ibùsùn rẹ̀ wà nítòsí. Èyí tí ó dára jù ni kí ẹnì kan fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ nígbà tí ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú kan nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti yọ dókítà nínú iyèméjì ọdún mẹ́ta. Kí ẹnì kejì sì yí ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́, kí ó mú ohun líle kúrò nítòsí orí rẹ̀, kí ó má sì ṣe fi ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Itọ́ wárápá kì í ran ẹnikẹ́ni. A tẹnu mọ́ ọn nítorí àwọn ọmọ tí a ti rí tí ó ń dá jẹun, tí ó ń dá sùn, nítorí àìmọ̀ yìí.

Ní ọ̀dọ̀ dókítà, ìbéèrè rẹ̀ lè pẹ́, ó sì lè fi òòlù kékeré lu orúnkún, kí ó ní kí aláìsàn rìn, kí ó di ojú, kí ó fi ìka kan imú. Ẹ má rò pé eré ni. Ibi tí ìbàjẹ́ wà, yálà nínú ọpọlọ, nínú ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí nínú iṣan ẹsẹ̀, ni ó ń wá, kí ó tó mọ àyẹ̀wò tí yóò ní kí ẹ ṣe. Ẹsẹ̀ tí ń jó, àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, nítorí àtọ̀gbẹ ni ó ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. A ti rí àwọn tí ó ta ilẹ̀ ṣe MRI orí nígbà tí ohun tí ń ṣe wọ́n wà ní ẹsẹ̀. Ẹ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: bí àyẹ̀wò yìí bá sọ báyìí, kí ni yóò yí padà nínú ìtọ́jú? Ní ti omi tí wọ́n ń fà láti ẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ ń sá fún un pé ó ń rọ ènìyàn lápá lẹ́sẹ̀. Ìsàlẹ̀ ibi tí mùdùnmúdùn ẹ̀yìn parí sí ni wọ́n ti ń fà á, òun sì ni ó ń yára sọ bóyá àrùn yírùnyírùn ni.

Àyẹ̀wò lè jáde kí gbogbo rẹ̀ mọ́. Èyí ni ó ń dun ìdílé jù, nítorí àwọn kan á ní, "Ẹ ò rí i? Ó ń díbọ́n ni," àwọn mìíràn á ní, "Kì í ṣe ti ilé ìwòsàn." Kò sí èyí tí ó tọ́ nínú méjèèjì. Ẹni tí ó ní wárápá lè ṣe àyẹ̀wò EEG kí ó mọ́ kedere, nítorí pé ọjọ́ tí ọpọlọ dákẹ́ ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn mìíràn sì wà tí ọpọlọ wọn kò ní ojú egbò kankan, tí ó jẹ́ ọ̀nà tí ó gbà ń ṣiṣẹ́ ni ó dàrú. Ẹsẹ̀ wọn kò gbéra lóòótọ́, wọn kò sì díbọ́n. Àìsàn tí ó ní ìtọ́jú ni èyí náà.

Ilé-ìwé ìgbàgbọ́ ni ó tọ́ wa dàgbà, a kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó má gbàdúrà. Ohun tí a ń kìlọ̀ fún ni kí a de aláìsàn mọ́lẹ̀, kí a fi ebi pa á ní orúkọ ààwẹ̀, tàbí kí a gba oògùn wárápá lọ́wọ́ rẹ̀. Oògùn yẹn tí a bá dá dúró lójijì lè mú gìrì tí kò ní dáwọ́ dúró wá, ó sì lè pa ènìyàn. Obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ ná gbogbo ohun ìní rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn fún ọdún méjìlá. Lúùkù tí ó wà lára àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ fún wa jẹ́ oníṣègùn fúnra rẹ̀.

Àwọn ohun kan wà tí kò gba ìwé kékeré tàbí ìpàdé ẹbí. Bí ojú tàbí apá kan bá ṣàdédé rọ, bí ọ̀rọ̀ bá wọ́ lẹ́nu lójijì, bí orí bá fọ́ bí ẹni pé àrá sán sínú rẹ̀, bí ibà àti ọrùn líle bá pàdé, bí gìrì bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń kú tí ìtọ̀ sì sé, ọkọ̀ ni kí ẹ wá, ní òru ni tàbí ní ọ̀sán.

Fún èyí tí ó lè dúró, ẹ gba ìwé ìfiránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ dókítà tí ó wà nítòsí yín, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn olùkọ́ni tí ó ní dókítà ọpọlọ: UCH ní Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, LUTH ní Èkó, tàbí Ìlọrin. Àwọn dókítà náà kò pọ̀, ẹ ó sì dúró pẹ́ kí ọjọ́ yín tó kàn. Ẹ mú ẹ̀dà gbogbo èsì àyẹ̀wò dání, kí wọ́n má bàa ní kí ẹ tún un ṣe. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba ọjọ́ tí ẹ ó padà wá, kódà bí ara bá ti fúyẹ́.